Wáyà Méjì Tí Mo Lọ́ Pọ̀

Ìyá Ìbejì, aya mi, jọ̀ọ́, ka ìwé yìí tán kí o tó bínú. Mo fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù rẹ, pátákó ẹ̀rọ oníná tí o ń ṣe. Mo mọ̀ pé o ní kí n má sún mọ́ ọn.

Nígbà tí o ṣì ń sùn, mo tan rédíò. Ariwo ṣáà ni, bí epo gbígbóná. Bọ́ọ̀dù tí o fi sílẹ̀ lórí tábìlì ló ń dà á láàmú. Ariwo yìí náà ni àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò fi dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, òní sì ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ìwọ náà lo máa ń sọ pé ọ̀nà tí iná gbà lọ àti ọ̀nà tó gbà bọ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Mo wá wo wáyà bátìrì bọ́ọ̀dù náà. Pupa gba ọ̀tún, dúdú gba òsì, bí tọkọtaya tó ń bára wọn yodì. Mo yọ bátìrì, mo lọ́ wọn pọ̀ bí òwú, mo dá bátìrì padà. Ni rédíò bá ń sọ̀rọ̀ ketekete.

Tí mo bá ti bà á jẹ́, tú u. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tan rédíò ná.

Mo ti sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Bí wọ́n bá ti gbà á, tètè yà wá sọ fún mi. Ọkàn mi kò ní sí lára iṣẹ́: gbogbo aṣọ tí mo bá rán kí o tó dé, wíwọ́ ni yóò wọ́.