Ẹ Dá Ẹ̀rọ Tó Ń Mi Àpò Ẹ̀jẹ̀ Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Alága Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ilé-Ìwòsàn Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÈRÒJÀ Ẹ̀JẸ̀ TÍ WỌ́N GBÉ SÍNÚ FÍRÍÌJÌ

1. Káfíńtà ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ bíríkìlà, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wa kú, wà ní wọ́ọ̀dù kẹta lọ́dọ̀ yín. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Oògùn tó ń gbà máa ń dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù lára rẹ̀. Bó bá fọ eyín lásán, ẹ̀jẹ̀ ni. Èròjà yìí, tí wọ́n ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì, ni mo ń wá fi tọrẹ fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.

2. Obìnrin tó ń bójú tó yàrá ẹ̀jẹ̀ ló là mí lọ́yẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa ni fíríìjì wà fún. Pílétílẹ́ẹ̀tì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ọsàn, kò fẹ́ òtútù. Yàrá tí kò gbóná jù, tí kò sì tutù jù, ló ń gbé, lórí ẹ̀rọ kan tó ń mì ín jẹ́jẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ márùn-ún péré ló ń lò. Bí òtútù bá ti mú un, kì í pẹ́ lára aláìsàn kó tó pòórá.

3. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi èròjà yìí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ fara ti yàrá ẹ̀jẹ̀, ní ariwo ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó yọ iná rẹ̀, ó gbé e lọ sí sítọ́ọ̀, ó sì gbé àpò mi sínú fíríìjì. N ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó rò pé òun ń ṣe dáadáa ni, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

4. Nígbà tí obìnrin náà dé lọ́jọ́bọ̀, ó ní dandan ni kí àwọn da àpò náà nù. Ó dùn mí wọra. Ọjọ́ yẹn gan-an ni imú ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó rí àpò kan gbà nílé-ìwòsàn mìíràn. Èmi ni mo ń fún ẹ̀jẹ̀ kúrò lára táwẹ́ẹ̀lì. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún àwọn ọmọ òun.

5. Ẹ óò rò pé ó parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní sítọ́ọ̀, páálí ọṣẹ ni wọ́n tò lé e lórí. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì: GBOGBO Ẹ̀JẸ̀, INÚ FÍRÍÌJÌ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ fèsì pé ó ti pé ọdún méjìlélógún tí òun ti ń tọ́jú ẹrù, kò sì sí èyí tó rà mọ́ òun lọ́wọ́. Mo ṣí fìlà, mo lọ bá a fúnra mi, mo ní màá fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ariwo yóò dínkù. Ó ní òun yóò rò ó. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń rò ó.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀rọ náà padà kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n sì já ìwé yẹn kúrò. Ọjọ́ náà ni mo tún lè fi èròjà yìí sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀gbọ́n mi yóò tún gba oògùn. Láàárọ̀ yìí, ó bi mí bóyá wọ́n ti tún ibi tí wọ́n ń gbé èròjà náà sí ṣe. Mo ní wọ́n ti tún un ṣe. N kì í purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi tí mo ń retí yín,

Káfíńtà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
Olùtọrẹ Ẹ̀jẹ̀, Nọ́ńbà 117.