Ìhágún Ìyá Awánirí lórí Ọ̀rọ̀ náà “Kò Sí”

Èmi tí orúkọ mi pé pérépéré lára káàdì ìdánimọ̀ tí mo so mọ́ ìwé yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Awánirí bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí tèmi, ni mo ń hágún. Ọpọlọ mi pé. Ara ni kò pé mọ́. Dókítà ò dá mi lóhùn nígbà tí mo bi í bóyá n óò ti yàrá iṣẹ́ abẹ jáde, nítorí náà mo ti dá ara mi lóhùn. Aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì òpópó wa ni mo fi ṣe alámùúṣẹ ìwé yìí, òun àti agbẹjọ́rò mi. Mi ò fi àbúrò mi sí i, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

1. Ilé. Ilé tí mo ń gbé di ti ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì. Kí àbúrò mi ọkùnrin máa lo ṣọ́ọ̀bù ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń kan pósí títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin mi, níbikíbi tó bá wà.

Kí n là á yé ẹni tí kò mọ̀. Àkọ́bí mi jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà. A ò rí i láàyè, a ò rí òkú rẹ̀. Torí rẹ̀ ni mo ṣe dá ojú òpó kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ bá sọnù lè fi fọ́tò àti orúkọ onítọ̀hún sí. Àbúrò mi náà ní ojú òpó tirẹ̀, tó fi ń kéde àwọn tó kú àti ọjọ́ ìsìnkú wọn.

2. Ajá. Ajá ọmọ mi, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, di ti àbúrò mi. Ó rò pé mi ò mọ̀ pé òun ló máa ń yọ́ fún un ní ẹran lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ajá náà ṣì máa ń na etí bí alùpùpù bá dúró níwájú ilé. Èmi pẹ̀lú.

3. Irinṣẹ́. Kí àbúrò mi gba ayùn bàbá wa. Mo gbé e pamọ́ ní ọjọ́ tí a jà, kò sì bèèrè rẹ̀ títí dòní; agídí kan náà ni wọ́n pín fún wa.

Ìjà náà nìyí. Nígbà tí ojú òpó méjèèjì gbèrú, àbúrò mi ní kí a jọ máa lo dátábéèsì kan ṣoṣo, àkójọ orúkọ lórí kọ̀ǹpútà, kí orúkọ ẹnì kan má baà wà níbi méjì. Àbá náà dára. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè kan tí a ń kọ ipò ẹni náà sí. Lọ́dọ̀ mi, bí ènìyàn bá sọnù, “Kò sí” la máa ń kọ: a wá a délé, kò sí. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, “Kò sí” ni wọ́n ń kọ fún ẹni tó ti dágbére fáyé. Àwa méjèèjì ò rò ó débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a so wọ́n pọ̀, gbogbo ẹni tí mo ń wá di òkú lójú òpó àbúrò mi, ìlà dúdú yí fọ́tò wọn ká. Aránṣọ rí fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó sọnù níbẹ̀, ó wó lulẹ̀ tòun ti aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ìdí tí mo fi yan aránṣọ nìyẹn.

Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti pè mí tẹ́lẹ̀ pé òun rí ẹni tó jọ ọ́ tún pè, ó ní kí n má bínú, òun ti rí i pé ọmọ náà ti kú, a jẹ́ pé ẹlòmíì lòun rí. Kí n tó la ẹnu, ó ti pa fóònù. Mo pè é títí, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

A yí ọ̀rọ̀ padà: tèmi di “A ń wá a”, tirẹ̀ di “Ó ti kú”. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà ṣì ni, àwa méjèèjì la sì lè kọ nǹkan sí i. Àbúrò mi ti sọ lójú mi pé bí mo bá lọ, òun yóò kọ “Ó ti kú” síwájú orúkọ ọmọ mi kí ara lè tu ìdílé, torí pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, ọmọ tirẹ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà.

4. Dátábéèsì. Kò ṣeé fi ayùn là sí méjì. Kí ó wà bó ṣe wà, kí ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ń wọ inú rẹ̀ di ti ọmọbìnrin mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ “A ń wá a” di “Ó ti kú” àfi bí ẹbí ẹni náà bá fi ojú ara wọn rí òkú. Àbúrò mi, mo mọ̀ pé òfin kò lè ká ọ lọ́wọ́ kò. Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Ọmú kan náà la jọ mu. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo kúnlẹ̀ sínú ìwé yìí: má bá mi pa á.

5. Fóònù. Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lábẹ́ fọ́tò ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi, máa ṣájì rẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tí o kò mọ̀ ló pè, ìyẹn gan-an ni kí o tètè gbé.

6. Ikú mi. Àbúrò mi ni kó kan pósí mi. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kó má kéde mi. Lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi, ọmọ mi sá kúrò nílé, ìrọ̀lẹ́ la tó rí i ní ibùdókọ̀. Bó bá wá orúkọ mi lọ́jọ́ kan tó sì rí ìlà dúdú, kò ní wálé mọ́. Nítorí náà, níwájú orúkọ mi, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó dá ìjà sílẹ̀: “Kò sí.” Kí àbúrò mi kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n kà. Kí ọmọ mi kà á bí ẹni pé mo kàn jáde ni. Bó bá wọlé, ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé. Ẹ fún un lóúnjẹ, kó yó, kí ẹ tó sọ èyí tó kù.

Mo fọwọ́ sí i:
Ìyá Awánirí

Ọjọ́bọ̀, oṣù keje, ọdún kẹsàn-án tí a ti ń wá a.

Ẹlẹ́rìí kìíní: dókítà tí kò dá mi lóhùn.
Ẹlẹ́rìí kejì: obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, tó jókòó tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán.