Abẹ́rẹ́ Fìlà Nínú Ìkòkò Iṣu

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Inú ń bí mi. Ọjọ́ Àìkú ni ìrìbọmi ọmọ-ọmọ mi, fìlà tí mo ń fi òwú hun fún un kò sì tíì parí. Ìyàwó ọmọ mi ní, "Mààmi, ẹ jẹ́ n bá yín gún iyán, kẹ́ ẹ lè ráyè hun fìlà."

Mo ní, "Ta ló bẹ̀ ọ́? Iyán tèmi kì í ní kókó."

Ni mo bá jókòó ti iná, mò ń hunṣọ, mò ń ṣọ́ iṣu. Kí n lè mọ̀ bó ti jinná, mo fa abẹ́rẹ́ yọ lára fìlà, mo fi gún iṣu wò. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní wọ̀! Bí mo ṣe dìde sọ ìkòkò kalẹ̀, òwú kọ́ mi lẹ́sẹ̀, fìlà tú pátá.

Iyán náà kún fún kókó. Ìyàwó ọmọ mi ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó ní, "Mààmi, ẹ ṣeun, ó dùn."

Ì bá kúkú bú mi.

Lọ́la, òun ni yóò gún iyán. Màá ní apá ló ń dùn mí.