Fóòmù Màmá Fẹ́kọ́mi

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Àlàáfíà ni mo wà ní Ìgándò. Omi tó ya wọ yàrá mi ti gbẹ. Ìjọba kó fóòmù wá ká lè rí nǹkan sùn lé, àmọ́ ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ti pín in, ayálégbé kì í sì í débẹ̀. Ìyá onílé wa, Màmá Fẹ́kọ́mi, ló gba tilé wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, omi ò tiẹ̀ kàn án lẹ́sẹ̀! Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń sá a sóòrùn. Ó ní kí n wá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rọ̀ ṣá. Ẹ má rò pé mò ń jowú jàre. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ló fún mi, mo ti tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ní ẹní tuntun.

Olúwatómisìn yín