Àpò Mi Tó Há Sínú Pápákọ̀ Òfuurufú Tí Kò Tíì Ṣí

Ilé Kẹtàdínlógún, Òpópónà Àlàáfíà,
Ẹ̀yìn Ọjà, Ṣàngótẹ̀dó,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìṣísílẹ̀ Pápákọ̀ Òfuurufú Tuntun,
Etí Òpópónà Márosẹ̀, Lakowe,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌSÚNSÍWÁJÚ ṢÍṢÍ PÁPÁKỌ̀ YÍN NÍ Ẹ̀Ẹ̀MẸRIN, ỌKỌ MI TÓ WÀ NÍ KÁNÒ, ÀTI ÀPÒ MI TÓ WÀ LỌ́DỌ̀ YÍN

1. Orúkọ mi ni Ṣèyílọ́lá Akínọ̀ṣọ́. Irun ni mo ń dì, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà. Ojú máa ń tì mí láti bá àgbà sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí dípò kí n wá sí ọ́fíìsì yín. Mo ti wá lẹ́ẹ̀mejì ná. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì bi mí pé, "Àǹtí, ta lẹ wá rí?" Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fò lọ, mo ní mo ṣìnà ni.

2. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí ni èmi àti ọkọ mi, Bọ̀sún, ṣègbéyàwó. Ṣáájú ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ bàálù Àwòdì ti gbà á síṣẹ́ láti máa kó ẹrù èrò sínú bàálù. Wọ́n ní pápákọ̀ yín yóò ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ṣiṣẹ́. Nítorí èyí la ṣe gba yàrá ní Ṣàngótẹ̀dó, kí ó lè máa tètè dé ibi iṣẹ́, kí ó sì máa tètè wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

3. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ sún un sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta. Ẹ ní iná ojú ọ̀nà tí bàálù máa ń bà lé kò tíì kúrò ní èbúté. Èbúté náà kò jìnnà sí yín, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí níbí ló wà. Ká ní orí ni wọ́n fi ru iná náà, ì bá ti dé. Nígbà tí oṣù Kẹta pé, ẹ ní ẹni ńlá tí yóò gé rìbọ́ọ̀nù ti lọ sókè òkun. Mo bi ara mi pé níbo ló ti wọ bàálù lọ. Ìkẹjà ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sọ ọ́ sókè. Ẹ sún un sí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin. Òjò àkọ́rọ̀ wá dé, òrùlé gbọ̀ngàn èrò ń jò, ẹ tún sún un sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà. Ti oṣù Kẹfà yìí, ẹ kò sọ ìdí kankan mọ́. Ẹ kàn kọ "A Ó ṢÍ LÁÌPẸ́" sára pátákó ńlá tó wà létí òpópónà. Ọ̀dà funfun lẹ fi pa àwọn ọjọ́ àtẹ̀yìnwá rẹ́, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ràn sí i, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń hàn lábẹ́ ọ̀dà.

4. Ilé-iṣẹ́ Àwòdì ti gba ọgọ́ta èèyàn síṣẹ́, kò sì sí bàálù tí wọn yóò kó ẹrù sí. Bàálù méjì tí wọ́n háyà fún ọ̀nà yìí, wọ́n ti dá ọ̀kan padà. Wọ́n wá pín àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, wọ́n fi ọkọ mi ránṣẹ́ sí Kánò. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi, sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ẹ má sunkún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Bí pápákọ̀ bá ti ṣí, òun la ó kọ́kọ́ pè." Ó pé ogún ọ̀sẹ̀ lónìí. Ọkọ mi kò lè gba ìsinmi, nítorí ọdún kan kò tíì pé tó dé ẹnu iṣẹ́. N kò bínú sí Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi. Àwọn náà ń jókòó sídìí kọ́ńtà tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò ní pápákọ̀ yín, wọ́n ń lé eṣinṣin.

5. Kì í ṣe èmi nìkan ló kàn. Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, tí wọ́n ń ta aṣọ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ra tíkẹ́ẹ̀tì láti pápákọ̀ yín lọ sí Àbújá fún ìkómọ àbúrò wọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé Ìkẹjà ni bàálù yóò ti gbéra. Láti Ṣàngótẹ̀dó! Kí wọ́n tó dé Ìkẹjà, bàálù ti lọ, ó ti dé, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì ti jẹun tán. Orúkọ tí Àǹtí fẹ́ sọ ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu wọn títí di òní.

6. Mo fẹ́ ràn yín létí ìdánrawò tí ẹ ṣe ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin. Ẹ ránṣẹ́ sí ìjọ wa pé ẹ fẹ́ èèyàn tí yóò ṣe bí èrò, kí àwọn òṣìṣẹ́ yín lè fi wá kọ́ iṣẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, a wọ bọ́ọ̀sì yín pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn, gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí aṣọ náà. Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ yín tí wọ́n kọ Olúwatósìn sí láyà sọ fún Bàbá Ọdúnjọ, olórí ìjọ wa, pé kí wọ́n bọ́ bàtà. Bàbá ní àwọn kò wọ bàtà. Ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ó wà nínú ìwé pé èrò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kó tó kọjá. Tí ẹ kò bá bọ́ nǹkan kan, mi ò lè fàmì sí i."
Bàbá ní, "Ṣé kí n bọ́ ẹsẹ̀ ni?"

7. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ pe Olúwatósìn kí ẹ bi í bóyá irọ́ ni mo ń pa. Wọ́n lọ yá bàtà mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń tún òrùlé yín ṣe. À ń wọ̀ ọ́, à ń bọ́ ọ, ẹni tó bá kọjá á gbé e padà fún ẹni tó kàn. Irin wà ní imú bàtà náà, wọ́n tún mú un sápá kan fún àyẹ̀wò kejì. Bàbá Ọdúnjọ, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó dá bàtà tí kì í ṣe tiwọn padà fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìdánrawò náà lọ geere.

8. Ẹ ní kí olúkúlùkù mú ẹrù dání. Báàgì òfìfo ni àwọn yòókù mú wá. Èmi nìkan ni mo di ẹrù gidi. Ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Kánò. Ó lẹ KÁNÒ mọ́ àpò mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀nà á dára o." Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé àwa èèyàn lẹ fẹ́ fi dánra wò, pé ẹrù á lọ ní tirẹ̀. Ọkọ mi ló sì ń já ẹrù sílẹ̀ ní Kánò. Mo ní bí àpò náà bá dé, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Bọ́ọ̀sì gbé wa yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ó já wa sẹ́nu ọ̀nà tí a gbà wọlé, wọ́n sì ní, "Ẹ káàbọ̀." Gbogbo ènìyàn gba báàgì òfìfo wọn. Tèmi kò jáde. Wọ́n ní ó ti wọ yàrá ẹrù Kánò, kọ̀ǹpútà ti tì í mọ́bẹ̀, kò sì lè jáde àfi tí bàálù Kánò àkọ́kọ́ bá fẹ́ gbéra. Mo bèèrè pé ìgbà wo nìyẹn. Wọ́n ní láìpẹ́.

9. Ohun tó wà nínú àpò náà ni gààrí Ìjẹ̀bú, fìlà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, àti lẹ́tà kan. Ojú ń tì mí láti sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò rí ojú mi. Mo lóyún. Ọkọ mi kò tíì mọ̀. Fóònù rẹ̀ ti já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́: ojú rẹ̀ fọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kò ṣeé kà, gbangba ló sì ń sọ̀rọ̀ jáde. Ọkùnrin mẹ́fà ló ń gbé yàrá kan. Bí mo bá ti ní "Ẹ káalẹ́," àwọn márùn-ún yòókù á dáhùn pé, "Ìyàwó wa, ẹ káalẹ́ o! Kí lẹ sè?" Nílé tiwa, a kì í pariwo oyún. N kò lè kígbe rẹ̀ sétí ọkùnrin mẹ́fà. Awakọ̀ kan tó máa ń lọ sí Kánò ní kí n kọ lẹ́tà mìíràn, òun á bá mi mú un lọ. Mo kọ̀. Mo ní lẹ́tà mi ti wà ní pápákọ̀, ó sì máa gbéra ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn náà mo ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà gbọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ wò ó, ẹ ti gbọ́ ṣáájú bàbá ọmọ.

10. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ fún mi ní àpò mi. Ẹ kọ ọjọ́ kan sára pátákó yẹn, ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín gbà gbọ́. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá oṣù Kẹwàá, ẹ bá mi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ Àwòdì kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ mi wálé, nítorí oṣù Kẹwàá ni nọ́ọ̀sì ní n ó bímọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, bàbá ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tèmi kì í ṣe pápákọ̀ òfuurufú. Òjò kò ní dá a dúró, kò sì ní retí ẹni tí yóò gé rìbọ́ọ̀nù.

11. Mo ti da ìwé yìí kọ lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń lọ sí Kánò lọ́la, mo sì ti fi ẹ̀dà kan lé e lọ́wọ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi kí tiyín tó dé orí tábìlì yín, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ló gbà lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín tó ṣì dúró lórí ìlà,

Ṣèyílọ́lá Akínọ̀ṣọ́ (Ìyáàfin),
Onídìrí, àti Èrò Ìdánrawò, Ọ̀nà Kánò.

Ẹ̀dà: Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀sún Akínọ̀ṣọ́, Yàrá Àwọn Akẹ́rù, Kánò. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sókè.)