Èémí Tó Wà Nínú Dùùrù Tó Nàró

Ilé Oyèdèjì,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2006.

Jọláolúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú níbẹ̀, ṣé iṣẹ́ orin ń lọ, ṣé ò ń jẹun? Olúwa tó bá mi bí ọ kò ní jẹ́ kí n fi ẹkún wá ọ. Àlàáfíà la wà níhìn-ín, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò, ẹja ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n lóṣù yìí.

Ọmọ mi, àtìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. O ní kí n bá ọ yan dùùrù tí wàá lò sí orin tí ò ń ṣe fún Morìnsọ́lá, mo wo yàrá rẹ yíká, mi ò rí dùùrù kankan, kọ̀ǹpútà nìkan ni mo rí. O ní méjì ló wà nínú rẹ̀, ńlá kan tó dùbúlẹ̀ tó wá láti òkè òkun, àti èyí tó nàró, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, tí o wá ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ, tí Bàbá Mojúbàolú tó máa ń tẹ̀ ẹ́ fún ìjọ ń bá ọ tẹ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé dùùrù yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kọ̀ǹpútà rẹ ò sì tó agolo gààrí, ṣùgbọ́n mi ò jiyàn.

Èyí tó dùbúlẹ̀ dún dáadáa, bí ìgbà tí èèyàn wà ní gbọ̀ngàn ńlá tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. O wá tẹ èyí tó nàró. Kó tó dún, mo gbọ́ tí ẹnì kan fimú mí. Mo ní ta nìyẹn, o rẹ́rìn-ín, o ní Bàbá Mojúbàolú ni, pé ẹ̀rọ ló ká èémí wọn mọ́ ọn. Mo bi ọ́ bóyá wọ́n ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀, o tún rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, oṣù kejìlá la sin Bàbá, ìwọ náà bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.

Eyín kan wà láàrin dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tí eku ti ba inú rẹ̀ jẹ́, kì í dún láti bí ọdún mẹ́rin. Ó dún nínú kọ̀ǹpútà. O ní o ò ká ti ìyẹn rárá, pé kọ̀ǹpútà ló yá ohùn èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó fà á sókè díẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Ìbíjọkẹ́, opó Bàbá. Wọ́n ní káwọn náà gbọ́. Ìdí tí a fi pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì lábẹ́ agboòrùn Síkírù onífóònù nìyẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìkòròdú kí ohùn má baà ṣìnà. Bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni wọ́n ń mirí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ọkọ àwọn nìyẹn. Nígbà tí o dé orí eyín tí kì í dún yẹn, wọ́n gbá fóònù mọ́yà. Wọ́n ní èémí yìí yàtọ̀, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bàbá ṣe mí kẹ́yìn ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n kú, lórí itan àwọn. Síkírù kọ̀, kò gba owó ìpè lọ́wọ́ wa.

Jọláolúwa, oṣù kẹjọ lo ká ohùn, oṣù kejìlá ni Bàbá kú. Lọ́wọ́ ta wá ni kọ̀ǹpútà ti yá èémí yẹn?

O ní o fẹ́ pa èyí tó nàró rẹ́ torí ó ń gba àyè. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, má pa Bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Fi èyí tó dùbúlẹ̀ ṣe orin Morìnsọ́lá, kò sẹ́nì kankan nínú ìyẹn. Má sì tẹ èkejì mọ́ títí a ó fi dé.

Lọ́jọ́ Sátidé là ń bọ̀, wá pàdé wa ní gáréèjì Ìkòròdú. Ìyá Ìbíjọkẹ́ ti fọ fìlà Bàbá, wọ́n ti lọ̀ ọ́, kí Bàbá lè rí i dé bọ̀ wálé. Bá wa fi owó ọkọ̀ rán Ṣàmsúdéènì awakọ̀, ti èèyàn méjì ní àlọ, ti èèyàn mẹ́ta ní àbọ̀.

Olúwa á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ. O ò ní dá nìkan wà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ̀hìntọlá.