Ẹ̀dà Tuntun Tí Mo Fi Ṣí Iṣẹ́ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Mukhtar,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Mo kí ìyàwó yín àti Nafisah. Orúnkún Màmá ti ń san. Wọ́n ti ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Níbi iṣẹ́ yín àtijọ́ ní Idu, níbi tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo fi ẹ̀dà sọ́fúwíà tó tuntun jù ṣí fáìlì ètò tí ẹ kọ fún ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ìgò. Sọ́fúwíà náà bi mí bóyá kí òun sọ fáìlì náà di ti ẹ̀dà tuntun, mo gbà. Báyìí, kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa Babalọlá, tó ń lo ẹ̀dà àtijọ́, kò lè ṣí i mọ́. Ọ̀gá ní, "Kai, ọmọ òyìnbó, ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Wọ́n rò pé mo ní ẹ̀dà fáìlì ti àtijọ́ nípamọ́. N kò ní.

Ẹ jọ̀ọ́, bí fáìlì tiyín ti àtijọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ṣáájú ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ náà ni mo máa jẹ́wọ́ fún wọn pé n kò ní òmíràn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Tèmi